Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Jí?

Bí iná bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un lọ, kọ̀ǹpútà ilé-ìwòsàn wa á ké pí lẹ́ẹ̀kan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bí ẹni tó ń wá ṣíbí nínú àpótí abọ́. Títí dòní mo ṣì lè fi ẹnu sín in jẹ. Inú mi á dùn, àyà mi á sì já lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń sùn nínú ẹ̀rọ yẹn, mi ò sì mọ èyí tí yóò jí dáadáa nínú wọn àti èyí tí yóò kú sójú ọ̀nà.

Ẹdẹ ni, nígbà ìjọba ológun, nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n bí ojú. Epo bẹntiróòlù wọ́n, oògùn wọ́n, bébà lásán náà wọ́n. Ilé-ìwòsàn ìjọ kan ni mo ti ń ṣe akọ̀wé yàrá káàdì, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá la sì fi ń gé káàdì fún àwọn aláìsàn. Ẹni tó bá gba tirẹ̀, tó yí i padà, lè bá ìdajì ojú bíṣọ́ọ̀bù tó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun gbọ́, wọ́n fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́: ara ńlá kan, pẹ̀lú ojú márùn-ún tí wáyà so mọ́ ọn. Ojú kan lọ sí ọ́fíìsì dókítà àgbà, ọ̀kan sí ti mátíróònù, ọ̀kan sí ilé oògùn, ọ̀kan sí láàbù, ọ̀kan sì kù sọ́dọ̀ mi. Ara ńlá náà jókòó sí yàrá káàdì. Kì í ṣe pé wọ́n ka yàrá káàdì sí o. Yàrá wa nìkan ló ní irin lójú fèrèsé. Irin fèrèsé ló sọ mí di olùtọ́jú kọ̀ǹpútà.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi tẹ orúkọ àwọn aláìsàn sínú rẹ̀, pẹ̀lú àìsàn tó ṣe wọ́n àti oògùn tí wọ́n lò: àwọn ará ìlú, àwọn àgbẹ̀ láti ìlú Ara, àwọn aboyún láti Alajue. Ìka mi wú. Ikán ti jẹ ìdajì káàdì àtijọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí mo bá ti tẹ àpótí kan tán, a ó dáná sun ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo parí, kò sí ibòmíràn tí ìtàn àìsàn ẹnikẹ́ni wà mọ́ àyàfi inú ẹ̀rọ náà.

Ẹnjiníà kan láti Ìbàdàn ló bá wa tò ó. Ó ṣàlàyé fún àwọn ọ̀gá pé nǹkan márùn-ún ni yóò máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ó pè wọ́n ní ètò: ètò dókítà àgbà, ti mátíróònù, ti ilé oògùn, ti láàbù, àti ti káàdì. Ètò káàdì ló di gbogbo orúkọ mú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn mẹ́rin yòókù ti ń tọrọ. Bí iná bá lọ, gbogbo wọn á kú. Bí iná bá dé, kọ̀ǹpútà á máa jí wọn níkọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sì jí á kọ orúkọ ara rẹ̀ sójú ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ mi. Ó wá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá pé ta ni kó kọ́kọ́ jí.

Mo gbà pé ó mọ ìdáhùn, ó kàn ń bọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Alábòójútó ilé-ìwòsàn wa jẹ́ ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Lójú wọn a ń pè wọ́n ní "Sà", lẹ́yìn wọn a ń pè wọ́n ní Bàbá Ṣọ́jà. Wọ́n dìde, wọ́n nà ró ṣánṣán, wọ́n to àwọn ètò náà bí ìgbà tí wọ́n bá ń to èèyàn sórí ìlà láti kí gómìnà: dókítà àgbà ṣíwájú, mátíróònù tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ilé oògùn, láàbù, káàdì sì kẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹnjiníà la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún dókítà àgbà nígbà tó wọlé, kò wá lè dúró lójú wọn kó ní akọ̀wé káàdì ló yẹ kó ṣáájú. Ó ṣe é bí wọ́n ṣe wí, ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí mo lè tẹ̀ láti fi ọwọ́ jí ètò tó bá kú, ó fi ìwé kan tó nípọn sílẹ̀ fún mi, ó wọkọ̀ lọ.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ rèé. Iná á dé. Ètò dókítà àgbà á kọ́kọ́ jí bí ọba, á béèrè orúkọ aláìsàn lọ́wọ́ káàdì, káàdì á ṣì máa sùn. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, á kú. Mátíróònù á jí, á kú. Ilé oògùn àti láàbù, bákan náà. Káàdì á wá jí nígbẹ̀yìn, á bá ara rẹ̀ láàárín òkú mẹ́rin. Èmi á wá jókòó, n ó máa jí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná sì lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó kanrí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi, ọlọ́kadà ni wọ́n rán wá gbé mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tòun ti gèlè lórí ni mo jókòó jí dókítà àgbà, kí n tó padà lọ jẹ ìrẹsì.

Inú mi tilẹ̀ ń dùn sí i, kí n má parọ́. Nígbà wo ni akọ̀wé kékeré ti di ẹni tí gbogbo ọ̀gá ń dúró dè? Àfi lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìgbìmọ̀ ìjọ dé láti Ìbàdàn.

Bàbá Ṣọ́jà ló kà á fún mi. Ìgbìmọ̀ ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà wa kì í dìde bí kò bá sí agbẹ̀bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé-ìwòsàn mìíràn ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn mẹ́ta yóò wá fi ojú ara wọn wò ó: bí iná bá lọ tó dé, tí ẹ̀rọ náà bá dìde fúnra rẹ̀ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kó jókòó sí Ẹdẹ. Bí kò bá dìde, wọn óò gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́jọ ìka mi ni wọ́n fẹ́ gbé lọ, pẹ̀lú ìtàn gbogbo aláìsàn wa, tí a ti dáná sun ìwé wọn. Iṣẹ́ mi náà yóò bá a lọ, nítorí wọ́n ti ń dín òṣìṣẹ́ kù nígbà yẹn, orúkọ ẹ̀rọ yẹn nìkan ló sì ń gbé mi ró.

Mo fa ìwé ẹnjiníà jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le bí òkúta, ṣùgbọ́n mo kà á ní yàrá káàdì, mo kà á lórí ọkadà, mo kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná. Ní ọjọ́ Jímọ̀ mo rí i. Àpò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ìwé ìpè ètò kọ̀ọ̀kan wà, nọ́ńbà ló sì ṣáájú orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan: dókítà àgbà gbé mẹ́wàá, mátíróònù gbé ogún, bẹ́ẹ̀ títí dé káàdì tó gbé àádọ́ta. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Kò mọ dókítà, kò mọ akọ̀wé. Mo fò sókè, orí mi gbá pẹpẹ káàdì, mi ò mọ̀ ọ́n lára.

Mo sáré lọ bá Bàbá Ṣọ́jà pé kí wọ́n jẹ́ kí n yí nọ́ńbà padà, kí káàdì gba mẹ́wàá, kí láàbù gba ogún, bẹ́ẹ̀ títí dé dókítà àgbà tí yóò gba àádọ́ta. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n bọ́ fìlà ọba. Wọ́n béèrè bóyá mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wá bá orúkọ akọ̀wé lókè orúkọ dókítà àgbà lójú ẹ̀rọ. Mo ní ṣebí ọ̀dọ̀ mi náà ni gbogbo aláìsàn ń kọ́kọ́ yà kí wọ́n tó rí dókítà. Wọ́n ní aláìsàn ló ń tò sórí ìlà, dókítà kì í tò. Mo jáde, mo lu ilẹ̀kùn wọn gbàgà. Inú bí mi débi pé mo bú sẹ́kún lẹ́yìn ilé oògùn. Kì í ṣe ti ìtìjú. Kí ojútùú wà lọ́wọ́ èèyàn kó má lè lò ó, nǹkan burúkú ni.

Ní ọjọ́ Ajé mo padà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ nítorí ilẹ̀kùn, mo wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Sà, nígbà tí ẹ wà ní bárékè, ta ló máa ń kọ́kọ́ jí láàárọ̀?"

Wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn sókè. "Kúkù ni."

"Kí ọ̀gágun tó jí, sà?"

"Tipẹ́tipẹ́. Kí ni ọ̀gágun fẹ́ jẹ?"

"Ṣé kúkù wá ju ọ̀gágun lọ ni, sà?"

Wọ́n fa ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà kan jáde, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ní àṣẹ láti yí nọ́ńbà padà, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n tún lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ìwé àṣẹ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo yí i padà kíá. A pa kọ̀ǹpútà bí ẹnjiníà ṣe kọ́ wa láti máa pa á, wọ́ọ́rọ́wọ́, a tún un tàn. Káàdì jí. Láàbù jí, ilé oògùn jí, mátíróònù jí, dókítà àgbà jí. Márààrún! Mo jó yí yàrá ká, mo di mátíróònù mú, àwọn náà jó díẹ̀ kí wọ́n tó rántí ipò wọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, wọ́n mú iná lọ lójijì. Nígbà tó dé, mo káwọ́ gbera, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń wo ẹ̀rọ. Káàdì nìkan ló jí. Àwọn mẹ́rin yòókù tún kú.

Ìwé ẹnjiníà ló la ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí a bá pa kọ̀ǹpútà wọ́ọ́rọ́wọ́, káàdì á ti to àwọn ìwé rẹ̀ kó tó sùn. Bí wọ́n bá já iná gbà lójijì, ìwé rẹ̀ á fọ́n ká, bó bá sì jí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣà wọ́n jọ, kó yẹ̀ wọ́n wò, kó tó lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìyẹn lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà kò dúró dè é. Ó ti pe káàdì, káàdì ti jẹ́, ó ti kọjá lọ sí ara láàbù. Mo mọ àìsàn náà wàyí, mi ò mọ oògùn rẹ̀. Ọ̀la nìkan ló sì kù kí Ọjọ́bọ̀ dé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà nílé nígbà tí ìyá mi ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì ti sọ ọ́ di alárùn oorun. Ìyá mi pè é, ó dáhùn "Mà!" láti abẹ́ aṣọ. Wọ́n tún pè é, ó tún dáhùn "Mà!", ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, kò sì kúrò lórí ibùsùn. Ìyá mi gbé ohùn sókè.

"Mi ò bi ọ́ bóyá o gbọ́. Ìró ẹsẹ̀ rẹ nílẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Àkàrà já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò dúró fọ ọwọ́. Mo ti wà lórí ọkadà kí ìyá mi tó béèrè ibi tí mò ń lọ.

Ìró ẹsẹ̀ ni káàdì ò ní! Ó ń jẹ́ "Mà!" láti orí ibùsùn, gbogbo ayé sì ń gbà á gbọ́. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ, mo gbé ojú sókè, mo rí fèrèsé onígi tí mo máa ń ṣí fún àwọn aláìsàn. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n: bí fèrèsé bá wà ní títì, mo lè wà nínú yàrá, mo lè máa kọrin pàápàá, kò sí ẹni tó ń na ọwọ́. Bó bá ṣí, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé ìpè káàdì pé nígbà tó bá ṣà gbogbo ìwé rẹ̀ jọ tán, kó fi fáìlì òfìfo kan síta, mo pe fáìlì náà ní "fèrèsé". Mo kọ ọ́ sínú ìwé àwọn mẹ́rin tó kù pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìta: bí wọn ò bá rí fèrèsé, kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n tún wò. Mo ti fẹ́ dìde kí n tó rántí ohun kan tó mú kí n pariwo mọ́ ara mi. Bí iná bá lọ lójijì, fèrèsé àná á ṣì wà níta, á dà bíi pé ó ṣí! Mo fi kún un pé ohun àkọ́kọ́ tí káàdì gbọ́dọ̀ ṣe bó bá ti jí ni kó ti fèrèsé àná.

Ó ku kí wọ́n mú iná lọ kí n fi dán an wò. Ẹ ò rí ayé? Iná tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kò ṣẹ́jú láti àárọ̀ títí mo fi ti ilẹ̀kùn. Ẹnjiníà sì ti kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ já iná gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, Bàbá Ṣọ́jà kò sì ní gbà kí n rú òfin. Mo lọ sílé pẹ̀lú iṣẹ́ tí mi ò tíì dán wò rárá.

Ìgbìmọ̀ dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, oòrùn ti pa wọ́n lórí ìlà epo. Àwọn mẹ́ta ni, alága wọn jẹ́ bàbá arúgbó kan tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo yọjú wo ọkọ̀ wọn. Píkọ́ọ̀pù ni, wọ́n ti tẹ́ fóòmù méjì sẹ́yìn rẹ̀, okùn wà lórí fóòmù. Wọ́n ti múra àtigbé e.

Wọ́n jókòó sí yàrá káàdì. Mo ti fèrèsé mi, nítorí àyè ò gbà wá, àwọn aláìsàn sì kún ìta. Iná ò lọ. A ka àdúrà, iná ò lọ. Wọ́n mu kóòkì tán, iná ò lọ. Alága ní àwọn ò lè sùn sí Ẹdẹ, ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa iná lára ògiri, ó ní kí wọ́n pa á. Bàbá Ṣọ́jà wò mí. Àṣẹ ẹnjiníà rèé, àṣẹ alága rèé, ológun sì mọ èyí tó ga. Wọ́n pa á pàá, wọ́n kà dé ogún, wọ́n tún un tàn.

Pí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí wọ́n lè rí i pé mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ojú ẹ̀rọ dúdú, ó kọ ọ́ pé òun ti pe káàdì, ó dákẹ́. Ìṣẹ́jú kan. Ẹnì kan ń kan fèrèsé láti ìta, mo dáhùn pé mò ń bọ̀. Ìṣẹ́jú méjì. Mo mọ ohun kan tí wọn ò mọ̀: kò tíì sí ẹni tó kú! Bí ó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, mẹ́rin ìbá ti kú báyìí. Wọ́n ń dúró ni. Wọ́n tún kan fèrèsé, mo tún dáhùn pé mò ń bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, alága dìde, ó ní àwọn ti rí ohun tí àwọn wá wò, ó pe dírẹ́bà kó gbé okùn wọlé.

Bàbá Ṣọ́jà bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń gbọ́ nígbà tí mò ń ṣàlàyé fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jókòó," ni wọ́n wí. "Fèrèsé ò tíì ṣí."

Alága ń wò wọ́n, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Dírẹ́bà dúró pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Ìgbà yẹn ni ojú ẹ̀rọ kọ ọ́: káàdì ti jí. Láàbù tẹ̀ lé e wéré, ilé oògùn, mátíróònù. Dókítà àgbà kẹ́yìn, a sì gbọ́ ohùn dókítà àgbà fúnra wọn láti ọ́fíìsì lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń kígbe pé ó ti dé, ó ti dé. Èmi ò lè kígbe. Omi ló ń bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Alága sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó béèrè ìdí tí orúkọ dókítà àgbà fi wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn.

Bàbá Ṣọ́jà nà ró ṣánṣán. "Kúkù ló ń kọ́kọ́ jí, sà."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí alága tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rín in. Ó ní kí dírẹ́bà dá okùn padà. Iṣu la dì sórí fóòmù wọn, wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn dípò kọ̀ǹpútà. Mátíróònù gbá mi mọ́ra, àwọn ti ilé oògùn wá, àwọn ti láàbù wá, gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń sọ ìtàn ìró ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Wọ́n tún kan fèrèsé. Mo tún ní mò ń bọ̀, mo ń bá ìtàn mi lọ. Nígbà tí mo ṣí i níkẹyìn, èèyàn tó ogún ló wà lórí ìlà nínú oòrùn. Ìyá àgbà kan láti Ara ló ṣíwájú, wọ́n fi ìdí jókòó sórí àpò wọn, ọwọ́ wọn wà lára ògiri.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "láti ìgbà tí a ti ń pè ọ́ lo ti ń jẹ́. O ò kàn ṣí i ni."

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, lẹ́yìn irin fèrèsé, mo bẹ̀ wọ́n. Mo wá béèrè orúkọ wọn, mo yíjú sí ẹ̀rọ, mo bá wọn níbẹ̀.